Ìlẹ̀kẹ̀ Òrìṣà Lọ́wọ́ Oníṣẹ́ Ọ̀ṣọ́

Ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun tí wọ́n sín pọ̀ jẹ́ àmì Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, ní Havana àti ní Salvador. Irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí náà ni àwọn oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ tó ń dá ṣe ní Èkó àti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń sín fún ọrùn, ọwọ́ àti ìdí, tí wọ́n sì ń tà fún ẹni tí kò bọ òrìṣà rí. Kí ló wá ń sọ ìlẹ̀kẹ̀ di ohun òrìṣà? Ṣé ìlẹ̀kẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, àbí àwọ̀ rẹ̀, àbí ọwọ́ ẹni tó sín in, àbí ohun tí wọ́n ṣe sí i nígbà tó kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́?

Kò lè jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, Ifẹ̀ ti ń yọ́ gíláàsì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tipẹ́: ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 ni àwọn awalẹ̀pìtàn hú ní Igbó Olókun, iṣẹ́ ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Síbẹ̀, ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó bo adé ọba láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá, àwọn tó sì ṣe wọ́n kò mọ Odùduwà. Ní Ìlọrin, ìlú tí Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀, ni wọ́n ti máa ń gbẹ́ òkúta pupa láyé àtijọ́, tí wọ́n ń lu ú, tí wọ́n ń dán an, kí ó tó dé ọrùn àwọn ìjòyè.

Àwọ̀ náà kò tó. Idè, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ babaláwo, nílẹ̀ Yorùbá jẹ́ àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀; ní Cuba, àwọ̀ ewé àti ìyeyè ni. Ifá kan náà ni àwọn méjèèjì ń sìn.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ló le jù. Àwọn tó ń ṣe adé ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè a máa rúbọ sí Ògún kí wọ́n tó ti abẹ́rẹ́ bọ ìlẹ̀kẹ̀, nítorí irin ni abẹ́rẹ́. Ẹbọ yìí wà fún iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Oògùn tí wọ́n ń fi sí ṣóńṣó adé lẹ́yìn náà ló mú kó jẹ́ èèwọ̀ fún ọba láti wo inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní òkè òkun: ní Cuba, wọn a fi omi ewé wẹ ìlẹ̀kẹ̀ kí àgbà tó fi kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn, ní Brazil, ìyálórìṣà a fọ ìlẹ̀kẹ̀ kí ó lè so orí ẹni tó ni ín pọ̀ mọ́ òrìṣà. Nítorí náà, mímọ́ ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ àdéhùn láàárín òrìṣà, àgbà àti ẹni tó wọ̀ ọ́. Kò bá ọjà rìn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá rà á.

Àwọn olórìṣà kan kò gbà pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ẹ̀sùn wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí gbogbo ènìyàn bá ń wọ àwọ̀ Ṣàngó, a kò ní lè fi ojú mọ ọmọ Ṣàngó mọ́. Àdánù ni, àmọ́ ìdánimọ̀ ló bàjẹ́, àṣẹ ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fọ̀ kò dín. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo jù ni ti oníṣẹ́ tó ń sọ fún oníbàárà pé wọ́n ti fi ewé fọ ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀. Ohun tí kò ní ló ń tà.

Adé onílẹ̀kẹ̀ tó ní ìbòjú yàtọ̀, nítorí ẹ̀tọ́ láti dé e ti wà kí wọ́n tó fi oògùn sí i. Ní 1903, nígbà tí awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ lórí adé ọba tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́pẹ̀, MacGregor, gómìnà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ránṣẹ́ pe Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe kìíní sí Èkó kí ó wá sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí irú adé bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà kì í ṣe bóyá wọ́n ti fi oògùn sí adé náà. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n béèrè. Oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ tó bá ṣe adé oníbòjú fún ìyàwó tàbí òṣèré kò lè fi pé kò sóògùn nínú rẹ̀ gbèjà ara rẹ̀, nítorí ìrísí adé gan-an ni ẹ̀tọ́ náà so mọ́.