Àjàlá Sá Sórí Àjà: Ọ̀rọ̀ Ògúndá Méjì fún Àwa Tí À Ń Dá Nǹkan

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń béèrè pé kí ni Ifá rí sọ sí ayé fóònù àti ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ yín ló kàn lónìí. Odù tí a máa gbé yẹ̀ wò ni Ògúndá Méjì.

Nínú odù yìí, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Òríṣèékú ọmọ Ògún, Òrílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láyé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí, kó yan tirẹ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ò dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn ò bá a, wọ́n bá mú èyí tó wù wọ́n. Òríṣèékú mú orí tí Àjàlá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, tí kò tíì sun. Òrílèémèrè mú ńlá kan tó kún ojú, kò mọ̀ pé ó ti sán. Wọ́n gbé e karí, wọ́n kọjú sáyé. Òjò bá wọn lọ́nà, ó pa orí náà títí, ó ń re díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé ayé, wọ́n ń ṣiṣẹ́ kárakára, èrè ò dúró. Gbogbo ohun tí wọ́n rí ni wọ́n fi ń tún orí ṣe.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ná. Wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kó fi owó àti iyọ̀ rúbọ, kó sì mú nínú rẹ̀ dání. Ó gbọ́, ó rú. Lójú ọ̀nà, ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí i fún un, ọbẹ̀ dùn. Oníbodè yìí ló fọ̀nà hàn án, tó sì là á yé e pé Àjàlá wà nílé o, gbèsè ló jẹ, ó ti sá sórí àjà fún olówó. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá bá sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀pá irin, ó ń fi gbá orí wò, títí ó fi rí èyí tó jinná dáadáa fún un. Òjò pa ìyẹn náà lọ́nà. Kò ṣe é ní nǹkan kan.

Bí a bá ń sọ ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ àyànmọ́ la sábà máa ń tẹnu mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ ká wo Àjàlá fúnra rẹ̀. Àjàlá mọṣẹ́. Orí tó dáa tí Afùwàpẹ́ gbé, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Síbẹ̀ ó to èyí tó jinná àti èyí tó sán sójú kan náà, kò sàmì sí èyíkéyìí, ó gun àjà lọ. Ẹni tó bá wá mú, wàhálà tiẹ̀ nìyẹn. Ṣé a ò mọ irú Àjàlá bẹ́ẹ̀ lóde òní?

Ọ̀dọ́kùnrin kan wá bá mi lọ́dún yìí pẹ̀lú fídíò kan lórí fóònù rẹ̀. Ohùn tó dà bíi ti àgbà awo ń sọ̀rọ̀, ìlù ń dún lábẹ́lẹ̀, ọpọ́n Ifá ń tàn yanran. Ohùn náà ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru rú ẹbọ báyìí báyìí, kó sì pa oògùn ọsibítù tì. Ìyá ọmọkùnrin yìí sì ti pa tiẹ̀ tì! Mo ní kó tún fídíò náà gbé kí n gbọ́. Odù tí wọ́n dárúkọ, kò sí i rárá. Ojú odù jẹ́ 16, ọmọ odù jẹ́ 240, gbogbo rẹ̀ 256. Èyí ò sí níbẹ̀. Wọn ò dárúkọ awo tó dífá, wọn ò dárúkọ ẹni tí wọ́n dá a fún, wọn ò sọ ohun tó gbẹ̀yìn ẹbọ. Ẹ̀rọ ló hun ún, ẹnì kan ló gbé e síta. A wá orúkọ ẹni náà tì. Ó wà lórí àjà. Mo ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, ká tó sọ ọ̀rọ̀ Ifá kankan.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má dá nǹkan tuntun. Nígbà tí UNESCO ka Ifá mọ́ iṣẹ́ ńlá tí aráyé fẹnu jogún ní 2005, ohun tó wà láàyè ni wọ́n kà, ohun tí ohùn awo kan fi yàtọ̀ sí ti èkejì. Amọ̀ ni ẹ̀rọ jẹ́. Amọ̀ ò jẹ̀bi. Ẹni tó mọ ọ́n la ń bi.

Òkè Padre tí mò ń gbé n'Ìbàdàn yìí, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ló fún un lórúkọ. Ọ̀kan nínú irú wọn, Father Kevin Carroll, dá ibùdó ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Ibẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ ìdílé agbẹ́gilére láti Ìlá Ọ̀ràngún, ti lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé ọmọ Àreògún. Ó ti mọ igi í gbẹ́ kó tó dé ibẹ̀, síbẹ̀ ó tún jókòó bí ọmọ iṣẹ́. Mùsùlùmí ni, ó gbẹ́gi fún ìjọ Àgùdà, ó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní yunifásítì Ifẹ̀. Tuntun ni, ti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni. Ó sì máa ń fín orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ rẹ̀. Bí ère bá sán, ẹ mọ ilé ẹni tí ẹ máa lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí Àjàlá nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin, tí ẹ ń ya fídíò, tí ẹ ń kọ ìtàn, ẹ sun ún kó jinná kí ẹ tó gbé e síta, torí òjò á pa á lórí ẹlòmíì. Bí ẹ̀rọ bá bá yín dá sí i, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìtàn àròsọ dárà, ẹ pè é ní àròsọ, ẹ má pè é ní ẹsẹ Ifá. Ìkà Òfún ti kìlọ̀ fún àwa awo pàápàá pé ká má sọ ohun tí a ò mọ̀. Kí orúkọ yín sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbà, ẹ má yan orí nítorí pé ó kún ojú. Ẹ béèrè: ta ló sọ ọ́? Ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ ọ? Odù wo ni?

Ó ku ọ̀kan, ti àwa àgbà sì ni. Gbèsè ló lé Àjàlá sórí àjà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń hun irọ́ sórí fóònù, owó ilé àti owó oúnjẹ ló ń lé e. A fẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, a ò kọ́ wọn, a ò sanwó fún wọn, a wá ń bínú pé ìkòkò sán. Afùwàpẹ́ kò bú Àjàlá. Ó san gbèsè, ó sì ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá ṣiṣẹ́ lójú òun. Bí àgbà kọ̀ọ̀kan nínú wa bá lè gba ọmọ kan ṣoṣo sọ́dọ̀, kó bọ́ ọ, kó kọ́ ọ, àjà á ṣófo díẹ̀.

Orí tí a gbé wáyé ò ní sán lójú òjò. Ohun tí a bá fọwọ́ wa mọ ò ní pa ẹni tó gbé e. Àṣẹ o.

Àbọrú, àbọyè.