Nígbà tí Olóore Wa Bá Ṣìnà
Bíbélì Kíkà: 2 Samuẹli 12:1–14

Natani mọ oore tí Dafidi ṣe fún Israẹli, síbẹ̀ kò pa ẹnu mọ́. Ní 1964 àti 1965, Ààrẹ Johnson ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ fún àwọn ènìyàn dúdú. Martin Luther King, àlùfáà Onítẹ̀bọmi, mọ oore yìí. Ṣùgbọ́n Johnson kan náà ni ó ń rán ọmọ-ogun lọ jà ní Vietnam.

Àwọn ọ̀dọ́ ti ń wọ́de lòdì sí ogun náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, 1967, King bá a wí gbangba ní ìjọ Riverside, New York. Ìwé ìròyìn bú u. Àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kan pàápàá bínú. (Ti ọ̀rẹ́ ni ó máa ń dunni jù.) Ní 1968, ìwọ́de dé iwájú ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní London.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, bí ẹni tí ó kọ́ ilé-ìwé fún wa bá ń ṣe ìkà sí ará òkèèrè, ta ni yóò sọ fún un?