Ẹ̀yẹ Ni Tìrẹ, Yẹ̀yẹ́ Kọ́

Mo dúró létí omi Ẹlẹ́yẹlé, n'Ìbàdàn, ní òwúrọ̀ yìí, mo bu omi ṣan ọwọ́, mo sì na ọwọ́ náà sókè nítorí rẹ. Ìwọ ni mò ń bá wí. Ìwọ tí o gbé ìwé tí o tún gbé ìlù, ìwọ tí Elédùmarè fi orin sí lọ́nà ọ̀fun, ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ kì í gbé jẹ́ẹ́ bí dùndún bá ti ń sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́dàá tó dá ẹyẹ, tó kọ́ ẹyẹ lórin kí ilẹ̀ tó mọ́, kí Ó gbọ́ tèmi nítorí tìrẹ.

Ẹyẹlé ń bẹ nínú orúkọ àdúgbò yìí, ẹyẹlé ni mo sì fi wúre fún ọ. Tọ̀tún tòsì ni ẹyẹlé fi ń kó ire wọlé. Kí ire ọ̀tún wọlé tọ̀ ọ́, kí ire òsì má ṣìnà. Kí ó yẹ ọ́ nílé, kí ó yẹ ọ́ lájò, kí ó yẹ ọ́ lórí ìtàgé. Ibi tí wọ́n ti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, níbẹ̀ ni wọn yóò ti fi ẹ̀yẹ kàn ọ́. Yẹ̀yẹ́ á yẹ̀ lọ́nà rẹ, ẹ̀yẹ á bá ọ délé. Àṣẹ.

Mo mọ ohun tí wọ́n bi ọ́. “Orin lo lọ kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ gíga? Ijó ni? Àwa tí a ò sanwó kọ́ ọ, ṣé a kì í jó ni?” Àǹtí mi kan bi èmi náà bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan, òkèlè àmàlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dúró gbọ́ èsì. Èsì náà ni mò ń fún un lónìí, nípa àdúrà. Eré rẹ yóò lérè. Ìlù rẹ yóò dé ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ kò tíì dé. Orin rẹ kò ní rìn kó má rí ibi sọ̀. Ijó kò ní jó ọ lówó. Ijó ni yóò mú owó jó wọlé tọ̀ ọ́.

Àwọn Òyìnbó kò fi orin ṣeré rárá. Ìlú Paris dá ilé-ẹ̀kọ́ orin ńlá tiwọn sílẹ̀ ní 1795, kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n bẹ́ ọba wọn lórí. Ìlú tó ń dàrú, ebi ń pa á, ogun ká a mọ́, síbẹ̀ ó rí àyè kọ́lé fún orin! Kí àyè má wọ́n fún ọ nílùú tìrẹ. London náà dá Trinity College of Music sílẹ̀ ní 1872, ọmọ wa kò sì ṣàìdé ibẹ̀. T. K. E. Phillips lọ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀. Akin Euba lọ. Ayọ̀ Bánkọ́lé náà dé London, Guildhall ni tirẹ̀. Ní 1958, wọ́n rán Fẹlá lọ sí London pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Trinity ló gbà lọ, fèrè idẹ ló gbé sẹ́nu. Orí tó yí ẹsẹ̀ Fẹlá sọ́nà orin, kí ó bá ọ yan ọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di ohun tí Orí rẹ kò yàn, kí ó wà láàyè rí ọ lọ́jọ́ ẹ̀yẹ, kí ó jókòó níwájú pátápátá, kí ó máa sọ fún ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òun kúkú ti mọ̀ tipẹ́.

Bí ìwọ náà bá lọ sílùú wọn lọ kọ́ tiwọn, kí o lọ ire. Físà kò ní dì ọ́ lọ́wọ́, òtútù kò ní gbà ọ́ lóhùn. Kí o lọ, kí o kọ́ ọ yé, kí o sì bọ̀. Ẹyẹlé kì í fò kó gbàgbé ilé.

Nítorí Ìbàdàn ní tirẹ̀. Láti Ẹlẹ́yẹlé, gba Sango, já sí Agbowó, kò jìnnà. Níbẹ̀ ni Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ilé-ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí owó Rockefeller láti Amẹ́ríkà sì ràn án lọ́wọ́. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tíṣà tó ti ń kó òṣèré láti ìlú dé ìlú, lọ lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀. Nígbà tó di 1963, ó gbé Lánkẹ́ Ọ̀mu jáde láti inú ìwé Amos Tutùọlá, Demas Nwoko ló ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé rẹ̀. Oṣù mẹ́fà péré! Kí oṣù mẹ́fà rẹ so èso ọgọ́ta ọdún. Kí ohun tí o mọ̀ tẹ́lẹ̀ àti ohun tí o lọ kọ́ má bá ara wọn jà nínú rẹ. Kí wọ́n fẹ́ra wọn, kí wọ́n bímọ.

Ní 1967, Wọlé Sóyínká di olórí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Lọ́dún náà ni ìjọba gbé e tì mọ́lé, ó di 1969 kó tó rí ìta. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bá tì mọ́ ọ, kí ó ṣí. Iṣẹ́ tí o fi sílẹ̀ lórí tábìlì, kí o padà bá a, kí o sì parí rẹ̀. Ní 1969 yìí kan náà ni J. A. Adédèjì parí ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Orí kí ló ṣe é lé? Orí alárìnjó. Alárìnjó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi máa ń bú òṣèré bíi tìrẹ gan-an, ni ẹnìkan fi di ọ̀mọ̀wé. Èébú tí wọ́n sọ lù ọ́, kí ó di oyè. Òkò tí wọ́n jù sí ọ, kí ó di ìpìlẹ̀ ilé rẹ. Àṣẹ, àṣẹ.

Lánàá, mo rí ọmọdékùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà. Ó gbé gúdúgúdú kọ́rùn, ó di bílálà méjì mú, ìda dúdú wà láàárín ojú awọ. Gbólóhùn kan ló ń lù. Kò dá, ó tún un lù. Kò dá, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìda náà, ó gbé etí sí i, ó tún un lù. Mo ti kà á dé ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún kí ọkọ̀ tèmi tó dé, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣé o rí sùúrù yẹn? Ilé-ẹ̀kọ́ tó ti pẹ́ ju ti Paris lọ nìyẹn, agboolé Àyàn ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kí Àyàn má kọ̀ ọ́. Kí awọ má ya lọ́jọ́ ìnáwó. Kí ohùn má há, kí ọ̀rọ̀ má fò ọ́ lórí níwájú èrò. Kí èjìká rẹ gbé ìyáàlù, kí ó má gbé ìyà. Kí o kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí ọmọ tìrẹ náà kọ́ ọ. Kí ilé rẹ má dákẹ́ láé.

Dáàmù tó wà níwájú mi yìí, odò Ọ̀nà ni wọ́n sé sí i ní 1942. Àgbà a máa wúre pé kí ọmọ lékè bí ojú oró ṣe ń lékè omi. Àdúrà rere ni, ṣùgbọ́n àwa ará Ẹlẹ́yẹlé ti rí ewéko tó lékè omi débi tó bo ojú omi mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o kúrò. Nítorí náà mo tún tìrẹ ṣe: kí o lékè, kí ẹlòmíràn sì rí ojú ọ̀run lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ìràwọ̀ rẹ kò ní pa ti ọ̀rẹ́ rẹ. A kò sì gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, tí omi ya wọ ilé ní Ìbàdàn, tó gbé èèyàn, tó gbé afárá. Omi kò ní gbé ọ. Omi kò ní gbé ìlù rẹ, kò ní gbé ìwé rẹ, kò ní gbé ẹni tó ń gbọ́ orin rẹ. Tí o bá ti òde eré bọ̀ lóru, ọ̀nà Jẹ́ríkò á mọ́lẹ̀ kedere fún ọ, ẹni ibi kò ní pàdé rẹ, ìyá rẹ á gbọ́ ohùn rẹ lẹ́nu ọ̀nà kó tó sùn.

Ó yá, gbé ìlù rẹ. Awọ ti le, ìda ti rọ̀, ilẹ̀ ti mọ́. Aládùúgbò tí yóò bá binú, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ gbólóhùn kan ná. Àṣẹ.