Ìwọ̀n Kan Péré Ló Fò

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà n'Ìbàdàn tó mọ rédíò àti amplifier í tún ṣe dáadáa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ìdí iṣẹ́ náà ló ti ń jẹun títí dòní. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe oníjìbìtì. Ìdí tí mo fi ń rò ó fún ọ gan-an nìyẹn.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ gbé preamp rẹ̀ wá bá a. Preamp ló máa ń gba ohùn lára ẹ̀rọ tó ń lu àwo kó tó fà á lé amplifier ńlá lọ́wọ́. Fọ́lúùmù onípele ló wà lára ti bàbá yìí, èyí tó máa ń ró kẹ́, kẹ́, kẹ́ bó o bá ń yí i. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti so àwọn rẹsísítọ̀ kéékèèké tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀ lójú okùn. Òkè ni ohùn ń gbà wọlé, wọ́n sì so ìsàlẹ̀ mọ́ wáyà ilẹ̀. Ibi tí ọwọ́ fọ́lúùmù bá dúró sí láàárín méjèèjì ló ń pinnu bí ohùn tó máa jáde ṣe máa pọ̀ tó.

Bàbá ní, "Ọmọ mi, bí mo bá ti yí i dé ipele kan báyìí, apá ọ̀tún á kàn dákẹ́ ni." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tú u, ó rí i pé ìdọ̀tí ti bo ibi tí irin ti ń kan irin, ẹsẹ̀ rẹsísítọ̀ kan sì ti ń mì. Ó nu ìdọ̀tí kúrò, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹsẹ̀ náà padà. Títí dé ibẹ̀, kò sí àléébù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wá mú mítà. Ó fi ẹnu mítà náà kan sí ibi tí ohùn ń gbà wọlé, ó fi ìkejì sí ibi tó ń gbà jáde, ó sì ń yí fọ́lúùmù ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ń yí padà bó ṣe yẹ. Inú rẹ̀ dùn.

Ó ku ìwọ̀n kan: láti ibi tí ohùn ń gbà jáde dé wáyà ilẹ̀. Ní ìpele tó kéré jù, mítà gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òdo hàn, kó sì máa gòkè bó o bá ṣe ń yí i sókè.

Ìwọ tó ò ń kà á, dúró síbí ná. Mítà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdérí àpótí náà ṣì wà ní ṣíṣí. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ ò tíì wọ̀n ọ́n dé ilẹ̀." Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, bàbá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ti ná owó iṣẹ́ náà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní, "Èyí tá a wọ̀n yẹn ti tó." Ó de ìdérí.

Kò mọ̀ pé nígbà tóun ń jó rẹsísítọ̀, iná ti tú ojú wáyà ilẹ̀ apá ọ̀tún. Bó o bá wò ó, ó jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀dì kò dì í mú mọ́. Nígbà tí ìsàlẹ̀ kò sì ti so mọ́ ilẹ̀, kò sí ìpele tó lè dín ohùn kù. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ń kọjá.

Bàbá délé, ó gbé àwo Haruna Ishola sí i. Ó fi fọ́lúùmù sí ibi tó máa ń fi í sí, ìpele mẹ́wàá sísàlẹ̀ òkè pátápátá. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ohùn) 2 ni ìpele kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá wá jẹ́ 20. Nítorí pé ohùn kò dín 20 yẹn kù mọ́, agbára tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ amplifier di ìlọ́po 100. Bàbá sì ti tẹ etí sí sípíkà ọ̀tún, kó lè gbọ́ bóyá ó ti dára.

Tweeter, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde, jó lójú ẹsẹ̀. Owó ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni wọ́n fi ra òmíràn, ó sì ju owó iṣẹ́ tó gbà lọ. Ṣùgbọ́n etí bàbá ń hó títí di òní. Àwọn irun tíntìntín tó ń gbọ́ràn nínú etí, bí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù padà. Ta ni yóò san ìyẹn?

Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá dé ọwọ́ rẹ, yọ ọ́ kúrò lára iná ná. Bó bá jẹ́ èyí tó ń lo valve, kapásítọ̀ rẹ̀ lè di nǹkan bíi 300 fólìtì mú lẹ́yìn tó o bá ti yọ ọ́, ó sì lè pa ọ́. Rí i dájú pé fólìtì náà ti tán níbẹ̀ kó o tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọn fọ́lúùmù láti òkè, wọ̀n ọ́n dé ilẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Bó bá ń dún gbàù ní gbogbo ìpele, má kàn máa da oògùn ìfọ̀ sí i. Fi mítà wò ó bóyá fólìtì ń jò gba inú kapásítọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Bó o bá parí gbogbo rẹ̀, so ó mọ́ amplifier, kó sì jẹ́ pé sípíkà kékeré kan tó ti gbó lo kọ́kọ́ so mọ́ amplifier náà. Jìnnà sí i díẹ̀, kó o sì yí fọ́lúùmù láti ìsàlẹ̀ dé òkè kó o tó pe ẹni tó ni ín.