Àmánà Ni Ara: Kí Ni A Fẹ́ Fi Í Gbó?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó dá ọmọ ènìyàn ní ìdúró ṣánṣán, tí ó sì fún un ní ẹsẹ̀ méjì tí yóò máa fi rìn lórí ilẹ̀ Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí àwọn kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré. Nínú hádíìsì tí Abu Barzah gbà wá, èyí tí Tirmidhi kọ sílẹ̀, Ànábì wa (SAW) jẹ́ kí ó yé wa pé ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, ẹsẹ̀ ẹrú kò ní yẹ̀ kúrò lójú kan títí a ó fi bi í léèrè ohun mẹ́rin: ọjọ́ ayé rẹ̀, ohun tí ó lò ó fún, ìmọ̀ rẹ̀, ohun tí ó fi ṣe, owó rẹ̀, ibi tí ó ti rí i àti ibi tí ó ná an sí, àti ara rẹ̀, ohun tí ó fi í gbó. A máa ń gbọ́ wáàsí dáadáa lórí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹrin ni a kì í sábà gbọ́, òun sì ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ẹ kíyè sí i pé wọn kò ní bi wá bóyá a tọ́jú ara náà kí ó máa dán. Ohun tí a fi gbó ni wọn yóò béèrè. Gbígbó ni gbogbo ara ń gbó. Aṣọ tí a ń wọ̀ ṣiṣẹ́ yóò gbó. Èyí tí a tì mọ́nú àpótí, kòkòrò ni yóò jẹ ẹ́. Ìbéèrè tí ó wà níwájú àwa ọ̀dọ́ ni pé: nínú méjèèjì yìí, èwo ni à ń fi ara wa ṣe?

ÀWỌN BÀBÁ WA ÀTI ẸSẸ̀ WỌN

Kò sí ẹni tí yóò sọ ìtàn ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí kò ní dárúkọ àwọn Òṣómàáló. Aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn láti ìlú dé ìlú káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọjọ́ bá pé, wọn a padà lọ sin owó, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè pé àwọn kò ní jókòó, àwọn kò sì ní lọ, àfi bí àwọn bá gba owó àwọn. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀ òwò náà, ìlóṣòó náà sì gba agbára orúnkún. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, tí mọ́tò kò tíì gbilẹ̀, ẹrù orí ni àwọn èrò láti ìhà Ìjẹ̀ṣà ń rù wá bá a, ọ̀nà tí ó tó nǹkan bí 30 kìlómítà láti Iléṣà. Kò sí ẹni tí ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ eré ìdárayá. Iṣẹ́ oòjọ́ wọn ti tó bẹ́ẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Ẹni tí ó ń gbé ní Ìsọ̀kùn ní Iléṣà, ọ̀kadà ni yóò gùn dé Ẹrẹ́jà. Ẹni tí ó wà ní Òkè-Fìà ní Òṣogbo, ọ̀kadà ni yóò gùn dé Ọjà Ọba. Orí àga ni yóò jókòó sí ní ọ́fíìsì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, orí àga ni yóò tún padà sí nílé. Iyán tí àwọn bàbá wa jẹ ni àwa náà ń jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n kọ ebè, tí wọ́n wa iṣu, tí ìyá wa rù ú wálé, tí ó gún un. Àwa jẹ iyán, a fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ó ti ìdí rẹ̀ yọ kò fara sin. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti rọpárọsẹ̀, àwọn àrùn tí a mọ̀ mọ́ àwọn arúgbó tẹ́lẹ̀, ti ń kan ilẹ̀kùn ẹni ogójì ọdún. Ó sì kan ẹ̀sìn wa gan-an. Ẹni tí ó bá lọ sí Haji yóò rọkirika Káábà lẹ́ẹ̀méje, yóò sì rìn láàrin Sọfá àti Máriwá lẹ́ẹ̀méje, èyí nìkan lé ní kìlómítà 3, kí á má tíì sọ ti Mina àti Arafah. Ẹlòmíràn fi ogún ọdún kó owó Haji jọ, owó pé, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. A kò dá ẹni tí Ọlọ́hun fi àìsàn dán wò lẹ́bi. Ọba tí ó dán an wò ti ṣe ọ̀nà ìrọ̀rùn fún un. Àwa tí ara wa ṣì dá ṣáṣá tí a ń jókòó tì í ni à ń bá wí.

ÌRÌN Ọ̀PÁ MÉJÌ

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni eré sísá bá lára mu. Ṣùgbọ́n ìrìn kò ya ẹnikẹ́ni tí ó ní ẹsẹ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀nà kan wà tí ó mú ìrìn lágbára sí i, òun ni wọ́n ń pè ní Nordic walking, tí àwa ń pè ní ìrìn ọ̀pá méjì. Orílẹ̀-èdè Fíńlándì ni ó ti wá. Àwọn tí ń fi pákó pẹlẹbẹ yọ̀ lórí yìnyín níbẹ̀ kò fẹ́ kí ara wọn rọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí yìnyín bá ti yọ́, ni wọ́n bá ń mú ọ̀pá wọn rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ní 1997 ni wọ́n gbé ọ̀pá tí a ṣe fún un lọ́tọ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ yìí, tí ó sì tàn ká Yúróòpù.

Àǹfààní rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí a bá ń rìn lásán, ẹsẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ jù. Bí ọ̀pá bá wọ̀ ọ́, apá, èjìká, àyà àti ẹ̀yìn yóò bá ẹsẹ̀ pín in. Ara yóò ṣiṣẹ́ ju ti ìrìn lásán lọ, bí ẹsẹ̀ kò tilẹ̀ yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ṣàjèjì sí ìrìn ìdárayá. Ní ayé ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, láti 2010 dé 2018, ìjọba ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Walk to Live, tí gómìnà àti ará ìlú jọ ń fi ẹsẹ̀ rìn kiri ìgboro. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ìrìn àárín èrò kò le, ariwo ni yóò máa ti ènìyàn lọ. Èyí tí ó ṣòro ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán, tí kò sí gómìnà, tí kò sí èrò, tí ènìyàn kan ṣoṣo mú ọ̀pá rẹ̀ jáde.

ÀWỌN OHUN TÍ WỌ́N Ń WÍ

Àwọn kan ń wí pé: “Ìrun tí à ń kí ti tó fún eré ìdárayá.” A bọ̀wọ̀ fún èrò yìí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ìrúkúù àti ìforíkanlẹ̀ ń ṣe ara láǹfààní. Ṣùgbọ́n nítorí ìrántí Ọlọ́hun ni a ṣe ń kírun, kì í ṣe nítorí òógùn. Àwọn Sàhábà kírun jù wá lọ, síbẹ̀ wọ́n rìn, wọ́n gun ẹṣin, wọ́n ju ọ̀kọ̀. Ẹni tí ó sọ ìrun di eré ìdárayá rẹ̀ ti rẹ ìrun sílẹ̀, kò sì gbé ara rẹ̀ ga.

Àwọn kan ń wí pé: “Àṣà àwọn aláìgbàgbọ́ ni.” Ṣé a ti gbàgbé ogun Kòtò ni? Salman, ọmọ ilẹ̀ Páṣíà, ni ó mú ìmọ̀ràn wá pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò yí Mẹ̀dínà ká, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe nílùú rẹ̀. Ànábì (SAW) kò bi í bóyá ilé ìjọsìn ìlú náà dára. Ó bá wọn gbẹ́ kòtò. Ohun tí ó ṣàǹfààní fún ayé, tí kò sì tako ẹ̀sìn, ti wa ni. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀pá, Ànábì Musa ní tirẹ̀. Nínú Súúrà Tọ́ọ̀há, nígbà tí Ọlọ́hun bi í léèrè ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ nípa ọ̀pá náà ni pé òun ń fara tì í. Nípa ìrìn pẹ̀lú, Ali (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ròyìn pé bí Ànábì wa bá ń rìn, ńṣe ni ó ń rìn bí ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ń gbé láàrin òkè yóò tètè mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀: kì í ṣe ti ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ti agbéraga.

Àwọn kan tún ń wí pé: “Bí Ọlọ́hun bá ti kọ àìsàn mọ́ni, ìrìn kò lè pa á rẹ́.” Kádàrá jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n Ànábì (SAW) ní kí Lárúbáwá nì kọ́kọ́ so ràkúnmí rẹ̀ ná, kí ó tó gbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun. Ìrìn wa ni okùn ràkúnmí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ láàrin ara wa. Kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀sìn ni ó ń dá ọ̀pọ̀ wa dúró, ìtìjú ni. Lójú ayé, akúṣẹ̀ẹ́ ni ó ń fẹsẹ̀ rìn, arúgbó ni ó ń tẹ ọ̀pá. Àwa tí a ti bẹ̀rẹ̀ ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́: “Ṣé mọ́tò yín bàjẹ́ ni?” “Alfa, ṣé orúnkún ni?” Ẹni tí kò lè gba irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ mọ́ra, kí ó yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Luqman kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ nípa ìrìn ìgbéraga (Súúrà 31), Ọlọ́hun sì yin àwọn ẹrú Rẹ̀ tí ń fi ìrẹ̀lẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ (Súúrà 25). Bóyá ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pá yìí yóò wò sàn lára wa ni ìgbéraga.

Ewu wà ní òdìkejì pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń rìn kí wọ́n lè rí i, tí ó ń fi iṣan apá ṣe yangà, ṣekárími ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ìrìn bá gba àkókò ìrun lọ́wọ́ rẹ̀ ti fi wúrà ra bàbà.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi yín sílẹ̀ sí ẹ̀yìn. Abu Dawud kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ànábì wa bá Aisha sáré ìje lẹ́ẹ̀mejì, ìyá wa sì gba iwájú ní ìgbà àkọ́kọ́. Hìjáábù kò di ẹsẹ̀. Ẹ rìn pọ̀, ẹ̀yin obìnrin pẹ̀lú obìnrin, ní ojú ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà.

BÍ A ṢE Ń BẸ̀RẸ̀

Ọ̀pá méjèèjì kò gbọdọ̀ wúwo. Gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ: bí o bá di orí rẹ̀ mú, kí ìgúnpá rẹ ṣẹ́ bí igun tábìlì. Ẹni tí kò bá rí èyí tí wọ́n ń tà lè gé ọparun méjì tí ó dọ́gba, kí ó fi rọ́bà táyà wé ìdí wọn kí wọ́n má baà máa yọ̀ lórí ọ̀dà.

Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, jẹ́ kí apá máa jù, kí ọ̀pá máa wọ́ tẹ̀lé ọ. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá lọ síwájú, apá òsì ni kí ó bá a lọ. Bí èyí bá ti mọ́ra, máa fi ọ̀pá gún ilẹ̀, kì í ṣe ní iwájú, bí kò ṣe ní ẹ̀gbẹ́ rẹ, kí ó dagun sí ẹ̀yìn, kí o sì fi ti ara rẹ lọ síwájú. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ nìyí: ọ̀pá arúgbó ń gbé ara dúró, ọ̀pá yìí ń ti ara lọ.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 15, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà kí oòrùn tó mú. Máa yára dé ibi tí o ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí èémí rẹ kò gba orin. Ní títì tí kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, rìn ní apá òsì kí o lè máa rí ọkọ̀ tí ń bọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe irú eré báyìí fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Díẹ̀díẹ̀ ni a ó dé ibẹ̀. Ìyá wa Aisha gbà wá létí pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí ó dúró déédéé, bí ó tilẹ̀ kéré. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ọkàn, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà.

IBI TÍ ÌRÌN Ń LỌ

Alábàárù tí ó ti fi orí ru ẹrù láti òwúrọ̀ kò nílò ọ̀pá wa, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ tí ó ń ti oko kòkó bọ̀. Ìsinmi ni ẹ̀tọ́ ara tiwọn lórí wọn. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ọ̀pá ni ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ wa ni àmánà, oníkálukú ni yóò sì jíṣẹ́ tirẹ̀.

Bí agbára bá wá dé, kí ni a ó fi ṣe? Bí a bá rìn títí tí ara dá, tí a sì fi ara dídá náà jókòó, a ti so ràkúnmí mọ́lẹ̀, a kò gùn ún lọ síbì kankan. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìrìn wa máa ní ibi tí ó ń lọ. Kí ọjọ́ kan já sí ilé aláìsàn. Kí ọjọ́ kan já sí ilé ìyá àgbà tí kò rí ẹni bá a pọnmi. Kí ọjọ́ mìíràn já sí mọ́ṣáláṣí tí ó jìnnà sí ilé wa, nítorí sàdákà ni ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá gbé lọ sí ibi ìrun. Bí a bá sì gbé òkú, kí ó jẹ́ àwa ọ̀dọ́ ni èjìká wa yóò gbà á dé itẹ́, kí a má ṣe máa mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn àwọn bàbá wa.

Ara yìí yóò gbó. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ó gbó lórí àga. Kí Ó jẹ́ kí ó gbó lójú ọ̀nà Rẹ̀, kí ẹsẹ̀ wa lè ní ìdáhùn ní ọjọ́ tí kò ní lè yẹ̀ láìjẹ́ pé ó dáhùn. Ààmín.

Ma salaam.