Gbèsè Ìkìlọ̀

Bí ènìyàn bá ta ohun kan fún wa, tí a sì san owó rẹ̀ pé, nígbà wo ni ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú ọ̀ràn ohun náà? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni yóò dáhùn pé, ní ọjọ́ tí owó bọ́ sí àpò rẹ̀ ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ẹ̀mí ènìyàn bá rọ̀ mọ́ ohun tí a tà.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1966 pa á láṣẹ pé, bí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ àti alùpùpù bá rí àbùkù tí ó léwu nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí wọn kí ó ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ni wọ́n. Ní 1974 a fi kún un pé kí wọn kí ó tún un ṣe láìgba owó. Nígbà náà ni a ń pe alùpùpù padà sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò tí ń tà á, kí àtúnṣe lè bá a.

Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ Harley-Davidson pe irú àwọn alùpùpù kan ti ọdún 2008 títí dé 2011 padà; iye wọn ní Amẹ́ríkà nìkan ju 170,000 lọ. Bí òróró bíréèkì wọn bá pẹ́ jù láìpààrọ̀, ìdọ̀tí lè dì mọ́ inú ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há, tí ẹni tí ó gùn ún yóò tẹ bíréèkì, tí bíréèkì kì yóò sì mú. Ilé-iṣẹ́ náà wí pé ìwé tí ó bá alùpùpù wá ti sọ pé kí a máa pààrọ̀ òróró náà ní ọdún méjì méjì.

Òótọ́ ni. Ẹni tí ó pa ìkìlọ̀ tì kò lè wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kì í bá alùpùpù rìn títí. Ẹni kẹta tí ó rà á lè má fi ojú kàn án rí. Àti pé, ìmọ̀ ẹni tí ó kọ ìwé ní 2008 kì í ṣe ìmọ̀ ẹni tí ó ti gbọ́ ní 2016, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wádìí, pé bíréèkì ń kọ̀ fún àwọn ènìyàn lójú ọ̀nà. Olùkọ́ tí ó ti wí lẹ́ẹ̀kan pé kí ọmọ má ṣe sún mọ́ kànga, tí ó wá rí i tí ọmọ ń lọ síbẹ̀, kì yóò jókòó sórí àga rẹ̀ kí ó máa ka ohun tí ó ti wí. Ní ìkẹyìn, a pààrọ̀ òróró náà lọ́fẹ̀ẹ́ fún aláápọn àti ọ̀lẹ bákan náà, àwa kò sì rò pé ó pọ̀ jù.

Ọ̀ràn ti oníṣòwò ni ó ṣòro jù lójú wa. Òfin kò gbà fún un láti ta alùpùpù tuntun tí a ti pè padà, àfi bí ó bá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àlòkù, òfin ìjọba àpapọ̀ kò dá a dúró. Nọ́ńbà wà lára alùpùpù kọ̀ọ̀kan, a sì lè fi wádìí lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá a ti pè é padà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ̀, tí ó dákẹ́, tí ó sì gba owó lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, yóò wí pé òun kò rú òfin. A kò bá a jiyàn. Ohun tí a ń bi í ni pé, bí ó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni ó fẹ́ rà á ńkọ́, ṣé yóò dákẹ́?

Ẹni tí ó ni alùpùpù pẹ̀lú ní ẹ̀bi tirẹ̀. Lẹ́tà dé, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. A mọ irú ìwà yìí nínú ara wa pàápàá. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ń lọ sí ọjà. Obìnrin náà kò ka ìwé kankan, kò sì gba lẹ́tà kankan. Ẹ̀yìn aṣọ ọkọ rẹ̀ ni ó dì mú.