Ǹjẹ́ Gbogbo Àmì Ni Ó Ní Ẹni Tí Ó Rán An?

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa tí a mọ̀wé, pàápàá àwa tí a ń kọ́ ọmọ, gbé yẹ̀ wò: nígbà tí ohun kan bá di àmì fún wa, ǹjẹ́ dandan ni kí ẹnìkan wà tí ó pète láti fi í bá wa sọ̀rọ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn kíákíá pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kíákíá yìí ti tú ilé púpọ̀ ká. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àrokò, èyí tí àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ kí ìwé tó dé. Àlùfáà C. A. Gollmer, míṣọ́nnárì C.M.S., kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1885. Bí ẹnìkan bá so ẹyọ owó mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń wí pé, "Ọkàn mi fà sí ọ", bí ọ̀rẹ́ náà bá sì dá mẹ́jọ padà fún un, ó ń wí pé, "Ọkàn wa jọ." Ẹni tí ó gbé e lọ lè má mọ ohun tí ó gbé. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ṣìnà, nítorí pé ẹni tí ó dì í àti ẹni tí ó tú u ti jùmọ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ti irú àmì yìí, ète wà, a sì mọ ète náà.

Àmì kejì ni èyí tí ó ní ẹni tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n tí a kò mọ gbogbo èrò ọkàn rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí ó sin Arínjálẹ̀ ní Ìsẹ̀, tí ó sì kú ní nǹkan bí 1938, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní apá kan ilẹ̀kùn náà Ògògà jókòó pẹ̀lú adé, olorì rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì àwọn aláàárù ru Kápítẹ̀nì Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń bọ̀ wá kí ọba. Ní 1924 a gbé e lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley. Àwọn aláṣẹ British Museum fẹ́ rà á. Ọba kò tà á, ṣùgbọ́n ó gbà kí a fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ìlú Òyìnbó ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè wí pé Ọlọ́wẹ̀ kò ní ète, nítorí a kì í ṣèèṣì gbẹ́ adé sí orí ọba. Ṣùgbọ́n òyìnbó tí a rù yẹn, ṣé ó fi í ṣe àyẹ́sí ni, tàbí ó rọra fi í rẹ́rìn-ín? Ilẹ̀kùn kò sọ. Láti mọ̀ pé ète wà, ọ̀tọ̀ ni. Láti mọ irú ète tí ó jẹ́, ọ̀tọ̀ ni.

Àmì kẹta ni èyí tí kò ní ẹni tí ó rán an rárá. Nígbà tí òjò bá ṣú bo òkè Olósùnta, àgbẹ̀ a mọ̀ pé òjò ń bọ̀, a sì kó ohun tí ó sá wọlé. Òkùnkùn òjò kò pète láti kìlọ̀ fún un. Òun ni ó fi ọgbọ́n ka ohun tí a kò kọ sí i. Èyí kò burú. Ibi tí ewu wà ni kí a wá olùránṣẹ́ fún ohun tí a kò rán. Òwìwí ké lórí ilé ní òru, ọmọ kan ṣàìsàn ní òwúrọ̀, a sì yí ojú sí ìyá arúgbó tí ó ń gbé ẹ̀yìnkùlé. Òwìwí ń wá eku; ìyá náà ń sùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí yóò tún bu omi fún un mu.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ọlọ́run ni ó dá ohun gbogbo, ǹjẹ́ òun kọ́ ni ó rán wọn?" Òtítọ́ ni pé ohun gbogbo wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, àwọn ọ̀run sì ń fi ògo rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n èyí kò wí pé ó fi ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkejì wa sí wa létí. Nígbà tí paramọ́lẹ̀ so mọ́ ọwọ́ Pọ́ọ̀lù ní Mẹ́lítà, àwọn ará ibẹ̀ pè é ní apànìyàn. Nígbà tí kò kú, wọ́n pè é ní ọlọ́run. Wọ́n ṣìnà lẹ́ẹ̀mejèèjì, nítorí pé ooru iná ni ó lé ejò náà jáde. Olúwa wa fúnra rẹ̀ kọ̀ fún àwọn ènìyàn láti ka àwọn méjìdínlógún tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa sí ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwa náà ń ṣe àmì tí a kò pète. Olùkọ́ kan ronú gbèsè rẹ̀, ó sì fa ojú ro; ọmọ tálákà tí ó jókòó níwájú rẹ̀ rò pé aṣọ òun tí ó ya ni ó ń wò. Olùkọ́ náà kò ránṣẹ́ kankan, síbẹ̀ ọmọ náà ti gba iṣẹ́ náà, ó sì lè má padà wá sí ilé ẹ̀kọ́. Láti wí pé, "N kò ní in lọ́kàn," lè mú ẹ̀bi àrankàn kúrò. Kò mú ọgbẹ́ kúrò lára ọmọ.

Nítorí náà, òfin kan kò tó fún ẹni tí ó ń gbà àti ẹni tí ó ń ṣe. Nígbà tí ìṣe ẹlòmíràn bá dùn wá, kí a má ṣe yára wí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Kí a tọ̀ ọ́ lọ, kí a bi í léèrè. Nígbà tí ìṣe tiwa bá dun ẹlòmíràn, kí a má ṣe dúró lórí ohun tí a pète nìkan. Kí a wo ohun tí ó gbà, kí a sì tún un ṣe. Àrokò ní ẹni tí a lè bi. Òwìwí kò ní. Aládùúgbò wa ní ẹnu. Kí a bi í kí a tó dá a lẹ́bi.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn òye. Àmín.